Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ fún Àwọn Àgbà Wa: Láti Ìgbà Ìjàpá Títí di Ìgbà Tòkunbọ̀

 Ọ̀ràn kan wà tí kì í sábà wọ inú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọdún tí àwọn ọmọ ìlú wálé tí a kì í gbọ́ ọ ní ìloro, ní abẹ́ igi, àti ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn: "Irú ọkọ̀ wo ni kí a rà fún Bàbá?" Ẹni tí ó ń béèrè kò ní owó ọkọ̀ tuntun, ẹni tí a fẹ́ ra ọkọ̀ fún ti di àgbàlagbà, ọkọ̀ náà yóò sì jẹ́ àlòkù tí kò gbọdọ̀ da Bàbá dúró sí ọ̀nà Ìlawẹ̀ nínú òjò. Àwa rò pé ìtàn lè dáhùn ìbéèrè yìí ju ẹnu àwọn tí ń ta ọkọ̀ lọ. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn ọmọ ìlú wa ti ń dáhùn rẹ̀. Àwọn kan dáhùn rẹ̀ dáadáa; ìdáhùn àwọn mìíràn sì wà lábẹ́ igi káṣú di òní, tí adìẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀.

Àwọn bàbá wa tí wọ́n gbin kòkó kò ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ sí oko, kẹ̀kẹ́ ológeere ni ẹni tí owó bá bọ́ sí lọ́wọ́ ń gùn, bọ̀lẹ̀kájà ni ó sì ń gbé kòkó àti ènìyàn pọ̀ lọ sí ọjà. Bí a bá rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ìlú bíi tiwa nígbà náà, olówó rẹ̀ yóò jẹ́ oníṣòwò kòkó, tàbí àlùfáà, tàbí olùkọ́ àgbà, tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó rí owó àyáwó gbà. Ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn: Austin, Hillman, àti Morris Minor tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ọdún 1948. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n sì gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé ni wọ́n di olùkọ́, akọ̀wé, nọ́ọ̀sì àti oníṣirò owó ní Ìbàdàn, ní Èkó àti ní Àkúrẹ́. Ìran wọn ni ó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ fún bàbá. Bàbá ti fi owó kòkó ran ọmọ lọ sí ìrìn àjò. Ó tọ́ kí ọmọ gba ẹsẹ̀ bàbá lọ́wọ́ ìrìn.

Àwọn tí wọ́n lọ kàwé ní ìlú òyìnbó ń bá ọkọ̀ ojú omi ilé-iṣẹ́ Elder Dempster lọ, wọ́n sì ń bá a bọ̀. Ẹ̀yin àgbà yóò rántí orúkọ Aureol, tí ó bẹ̀rẹ̀ ìrìn láàrin Liverpool àti Èkó ní ọdún 1951. Ẹlòmíràn a máa fi ọkọ̀ tí ó ti lò lọ́hùn-ún ránṣẹ́ wálé nínú ọkọ̀ ojú omi. Bí ó bá sì lò ó fún ọdún mélòó kan níbí, tí ó rí òmíràn rà, èyí àkọ́kọ́ a di ti bàbá. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó ti òkun bọ̀ ti wà láàrin wa tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi orúkọ ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ pè é.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó jẹ gàba lórí àwọn ọkọ̀ àgbà. Volkswagen ti ilẹ̀ Jámánì ni, èyí tí àwọn ará ilé sọ ní Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó ṣe rìbìtì. A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọkọ̀ yìí, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ ìdí tí ó fi bá àgbà lára mu ti mọ ìdajì ohun tí a ní láti sọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, ẹrù sì ń wà níwájú. Kò ní rédíétọ̀; afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì náà lára. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún bàbá ẹni àádọ́rin ọdún tí ó lè gbàgbé láti yẹ omi wò láti Sátidé kan dé Sátidé kejì: kò sí omi tí yóò gbẹ, kò sí ẹ́ńjìnnì tí yóò jóná nítorí ìgbàgbé. Nítorí pé ìwúwo ẹ́ńjìnnì dúró lórí táyà ẹ̀yìn tí ń ti ọkọ̀ lọ, ó ń jáde kúrò nínú ẹrẹ̀ níbi tí ọkọ̀ tí ó tóbi jù ú lọ ti ń pòyì lójú kan. Bí bẹ́líìtì rẹ̀ bá já, iná pupa kan a tàn níwájú awakọ̀. Bàbá yóò dúró, ọmọ yóò sì fi bẹ́líìtì mìíràn sí i lẹ́bàá ọ̀nà. Nínú àwọn ti ìgbà àtijọ́, kí ó tó di nǹkan bí ọdún 1962, kò tilẹ̀ sí òṣùwọ̀n epo. Lẹ́bà kékeré kan ni ó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ awakọ̀: bí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ nítorí àìsí epo, a ó yí i, ìyókù epo tí ó wà nípamọ́ a sì gbé e dé ilé. A kò mọ ohun tí ó tún rọrùn ju èyí lọ.

Kì í ṣe pé Ìjàpá kò ní àbùkù. Ariwo rẹ̀ pọ̀. Ilẹ̀kùn méjì péré ni ó ní, àwọn ìyá wa tí wọ́n ró ìró méjì tí wọ́n sì wé gèlè kì í lè wọ ìjókòó ẹ̀yìn láìsí ẹni tí yóò fà wọ́n tí yóò sì tì wọ́n. A ti rí ìyá tí ó kọ̀ jálẹ̀ pé òun yóò fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi òkú. Síbẹ̀ ó pọ̀ débi pé kò sí ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tí kò lè tú u palẹ̀ kí ó sì tò ó padà. Ní ọdún 1975 ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Ọ̀jọ́ ní Èkó, ní ọ̀nà Bàdágírì. Ní oṣù keje ọdún 2003 ni wọ́n ṣe èyí tí ó kẹ́yìn ní gbogbo àgbáyé, ní orílẹ̀-èdè Mexico, lẹ́yìn tí iye wọn ti lé ní mílíọ̀nù 21.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ láàrin àkókò yìí tí àwọn ọ̀dọ́ wa kò mọ̀, tí àwọn àgbà sì ti ń gbàgbé. Títí di ọdún 1972, apá òsì ọ̀nà ni a ń wà ní Nàìjíríà, gẹ́gẹ́ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ wa. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó yí wa ká, Dahomey, Niger, Chad àti Cameroon, apá ọ̀tún ni wọ́n ń wà. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, gbogbo Nàìjíríà bọ́ sí apá ọ̀tún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ fi ojú inú wo bàbá tí ó ti wakọ̀ fún ogún ọdún, tí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ ti mọ apá òsì láìsí pé orí ń sọ fún wọn, tí a wá ní kí ó máa wà ní apá kejì láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà lọ. Ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú di àjèjì. Nínú ọkọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apá ọ̀tún ni awakọ̀ ń jókòó sí. Bí a bá sì ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wa apá ọ̀tún ọ̀nà, etí igbó ni awakọ̀ wà, kò lè rí ohun tí ń bọ̀ bí ó bá fẹ́ kọjá lára lọ́rì, àfi kí ọkọ̀ rẹ̀ ti yọ sí àárín ọ̀nà ná. Ẹni tí ó jókòó tì í ni ó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ṣé ọ̀nà ṣí?" Ẹ̀mí méjì tàbí mẹ́ta sì wà lórí ìdáhùn ẹni náà. Ó di dandan kí àwọn ọmọ tí wọ́n ní làákàyè gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ bàbá wọn, kí wọ́n sì wá èyí tí ìdarí rẹ̀ wà lápá òsì fún un.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀nà ẹ̀yin ará London ti yà kúrò ní ọ̀nà ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà nínú ọ̀ràn yìí. Ọkọ̀ tí ẹ ń wà ní London kò wúlò fún Bàbá nílé, bí ó ti wù kí ó dára tó. Ẹni tí ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fẹ́ fi ọkọ̀ ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ rà á ní Belgium tàbí Jámánì tàbí Holland. Di òní, a ṣì ń gbọ́ pé ẹnì kan rí ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú ní London tí ìdarí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún, tí ó sì ń gbèrò pé àwọn kan yóò bá òun yí i sí apá òsì ní Èkó. Iṣẹ́ abẹ ni èyí lára ọkọ̀, ibi tí wọ́n sì ń gé tí wọ́n ń jó lẹ́ẹ̀dì sí gan-an ni ìdarí ọkọ̀ àti bíréèkì. A kò gba ọmọ ìlú kankan níyànjú láti gbé bàbá rẹ̀ sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìgbà Peugeot dé. Peugeot 404 ti wà níbí ṣáájú. Jíà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdarí ọkọ̀, ó sì gba ipò kìn-ín-ní nínú ìdíje Safari ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1963, 1966, 1967 àti 1968, lórí ọ̀nà tí ó burú ju tiwa lọ. Peugeot 504 tẹ̀lé e ní ọdún 1968. Ní oṣù kẹta ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná ṣí ilẹ̀kùn, ọdún yẹn kan náà sì ni owó Udoji wọ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀ ni ó dábàá àfikún owó oṣù. Ìjọba san àfikún náà pẹ̀lú ti oṣù tí ó ti kọjá, owó náà sì dé lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan fi fẹ́ ìyàwó, àwọn kan fi ra alùpùpù, àwọn kan ra ọkọ̀. Láàrin ọdún mélòó kan 504 di ọkọ̀ ìjọba, ọkọ̀ ọlọ́pàá, ọkọ̀ akérò àti ọkọ̀ ilé.

Ohun tí ìtàn yìí fi kọ́ wa ni bí 504 ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àgbà. Òṣìṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́ tàbí Ìbàdàn a rà á ní tuntun; yóò lò ó títí owó àyáwó yóò fi tán. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé e fún bàbá rẹ̀ nílé tàbí kí ó tà á fún ọ̀rẹ́ tí ó fẹ́ gbé e fún bàbá tirẹ̀. Ẹni tí ó gbà á mọ ẹni tí ó ti lò ó. Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe, ó mọ ìgbà tí ó já lu igi àti ìgbà tí wọ́n kun ún. Ọkọ̀ àlòkù ni, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ kò pamọ́. A rò pé èyí ṣe pàtàkì ju orúkọ tí ó wà níwájú ọkọ̀ lọ.

Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ sì yẹ àgbà. Ó ga nílẹ̀, kò fi ikùn ha òkúta. Ìjókòó rẹ̀ rọ̀ bíi tìmùtìmù, ilẹ̀kùn mẹ́rin ni ó ní, ìyá kò sì nílò ẹni tí yóò tì í wọlé. Bí kabúrétọ̀ rẹ̀ bá dọ̀tí, mẹkáníìkì a tú u, a fi epo fọ̀ ọ́, a fi ẹnu fẹ́ ihò rẹ̀, ọkọ̀ a sì jí. Ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìlawẹ̀, ní Àkúrẹ́, ọ̀gá mẹkáníìkì Peugeot wà tí ọmọ iṣẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ náà sì ń gba òmìnira, wọ́n ń padà sí ìlú wọn láti dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lábẹ́ igi. Ọkọ̀ kan ṣoṣo yìí kọ́ àìmọye ènìyàn níṣẹ́. Nígbà tí bàbá bá sọ pé, "Ó ń dún kó-kó-kó ní ìsàlẹ̀ ọ̀tún," mẹkáníìkì ti mọ ohun tí ó jẹ́ kí ó tó dìde lórí àga.

Ìgbà náà kò pẹ́ títí. Owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ní ọdún 1982 Ìjọba Shagari bẹ̀rẹ̀ sí í dín ọjà tí ń wọlé kù, àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń to ọkọ̀ kò sì rí owó òkèèrè tó láti ra àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ń tò. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, lábẹ́ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí a ń pè ní SAP, ìjọba sọ náírà sí ọjà. Dọ́là kan tí kò tó náírà méjì kí ètò náà tó bẹ̀rẹ̀ di èyí tí ó lé ní náírà mẹ́rin lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sì dúró níbẹ̀. Olùkọ́ tí ó ti lè ra ọkọ̀ tuntun ní ọdún 1976 kò lè ra táyà mẹ́rin láìjẹ gbèsè. Ìgbà yẹn ni Tòkunbọ̀ wọlé.

Orúkọ náà dùn létí, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́. Tòkunbọ̀ ni ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wálé, ọmọ ọ̀ṣọ́ tí gbogbo ẹbí ń jáde láti wò. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi orúkọ yìí pe ọkọ̀ tí òyìnbó ti lò gbó mọ ọjà í polówó. Láti èbúté Antwerp ní Belgium àti láti Jámánì ni wọ́n ń kó wọn wá sí Kútọnu, àwọn oníṣòwò wa a sì lọ wà wọ́n gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ṣe ń pe gbogbo àlòkù ní Belgium. Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀ràn náà bá. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń rí sí àyíká ṣe ìṣirò ní ọdún 2020 pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ni Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan fi ránṣẹ́ sí òkè òkun láàrin ọdún 2015 sí 2018, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 wọn ni ó sì wá sí Áfíríkà.

Ohun tí ó yí padà fún àwọn àgbà wa ni pé ìtàn ọkọ̀ pamọ́. Kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó lò ó ní Jámánì tàbí ohun tí ó fi ṣe. Ọ̀dà tuntun bo ìpẹtà, wọ́n sì lè yí òǹkà tí ń sọ iye ibùsọ̀ tí ó ti rìn padà sẹ́yìn. Bàbá kò sì lè dá mọ̀.

Àwọn ọkọ̀ Japan ni ó gba ipò lọ́wọ́ Peugeot díẹ̀díẹ̀. Datsun 120Y ti wà lójú ọ̀nà láti àárín ọdún 1970 sí 1980. Mazda, Nissan, Honda àti Toyota tẹ̀lé e. Àwọn ọ̀dọ́ wa a máa sọ wọ́n lórúkọ bí ẹni sọ ọmọ: Honda Halla, Muscle, àti èyí tí wọ́n pè ní End of Discussion, bí ẹni pé ìjíròrò lè parí lórí ọ̀ràn ọkọ̀. Ní tòótọ́, Toyota Corolla àti Camry dára. Ẹ́ńjìnnì wọn kì í tètè bàjẹ́, awakọ̀ akérò ní gbogbo Èkìtì ń lò wọ́n, nítorí náà ẹ̀yà ara wọn wà ní Adó àti Àkúrẹ́, èyí tí kò bá sì sí níbẹ̀ yóò wà ní ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin. Ipò tí 504 wà ní ọdún 1980 ni Corolla wà lónìí, ìdí kan náà ni ó sì gbé e débẹ̀.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ti wọ inú ọkọ̀. Láti ọdún 1996, òfin Amẹ́ríkà sọ pé gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì tí ó sì ń tan iná bí nǹkan bá ṣẹ̀. Mẹkáníìkì tí kò ní ẹ̀rọ tí ń ka àṣìṣe náà kò yàtọ̀ sí babaláwo tí kò ní ọ̀pẹ̀lẹ̀. Orí ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn àwọn ọmọ wa gbé ti ṣubú. Ọmọ wà ní Houston, ó fẹ́ bu ọlá fún bàbá rẹ̀, ó ra ọkọ̀ gíga olówó ńlá ti Jámánì tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá. Gbogbo àdúgbò jáde wò ó. Bàbá súre títí ọ̀fun fi gbẹ. Ní oṣù kẹfà, iná kan tàn. Ọkọ̀ náà kọ̀ láti yára ju ẹni tí ń sáré ẹsẹ̀ lọ. Wọ́n gbé e lọ sí Àkúrẹ́, wọ́n ní kí a gbé e lọ sí Èkó. Ní Èkó wọ́n dárúkọ owó tí ó tó ra Corolla. Bàbá kò fẹ́ kí ọmọ mọ̀, nítorí kí inú rẹ̀ má bàa bàjẹ́. Bí a bá béèrè, "Ọkọ̀ ńkọ́, Bàbá?" yóò ní, "Ó wà, a kò kàn tíì jáde ni." Ọkọ̀ tí ó wà lábẹ́ igi káṣú tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, irú rẹ̀ kò kéré ní Èkìtì.

Kò túmọ̀ sí pé kí a padà sí Ìjàpá. Àwọn 504 tí ó kù ti rẹ̀, àwọn ọ̀gá tí wọ́n mọ̀ wọ́n ti ń darúgbó, àwọn ọmọ iṣẹ́ ìsinsìnyí kò sì mọ kabúrétọ̀ mọ́. Orúnkún àgbà kò sì fẹ́ kílọ́ọ̀ṣì: ọkọ̀ tí ń yí jíà fúnra rẹ̀ tu ẹsẹ̀ òsì lára pátápátá. A ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ọkọ̀ oníjíà ọwọ́ ni ó rọrùn jù láti tún ṣe. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ó ní làkúrègbé kò gbọ́ èyí. Ohun tí àwa ń sọ ni pé, kí ọmọ tó ra ọkọ̀, kí ó kọ́kọ́ bi mẹkáníìkì Bàbá léèrè irú èyí tí ó lè tọ́jú. Mẹkáníìkì kì í wà nínú ètò àwọn ọmọ òkè òkun, bẹ́ẹ̀ ni òun ni yóò máa bá ọkọ̀ náà gbé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà ní ànfààní kan tí bàbá tí ó lọ sí Kútọnu kò ní: ẹ lè ṣí ìtàn ọkọ̀ wò kí ẹ tó sanwó, nípa nọ́mbà tí a tẹ̀ sí ara rẹ̀. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní ọdún 2005, tí ìjì Harvey sì da omi bo Houston ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ni omi bò mọ́lẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ka irú wọn sí òkú ọkọ̀, a sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Síbẹ̀ òkú ọkọ̀ ń dìde, a ń gbẹ ẹ́, a ń fọ̀ ọ́, a ń tà á fún ẹni tí yóò gbé e jìnnà. Omi tí ó wọ inú wáyà kọ̀ǹpútà kì í pa ọkọ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bákan náà ni ọ̀ràn àpò afẹ́fẹ́ Takata, tí ó yẹ kí ó gba awakọ̀ là nígbà ìjàǹbá, ṣùgbọ́n tí ó lè bú gbàmù kí ó sì fọ́n irin sí i lójú. Ooru àti ọ̀rinrin ni ó ń bà á jẹ́, ilẹ̀ wa sì jẹ́ ti ooru àti ọ̀rinrin. Àìmọye ọkọ̀ Toyota àti Honda ìgbà náà wà nínú àwọn tí a pè padà fún àtúnṣe, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n ń ṣe é ní Amẹ́ríkà. Kí a ṣe é níbẹ̀ kí ọkọ̀ tó wọ inú ọkọ̀ ojú omi.

Ní ti owó, ìgbà ti le. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé, wọ́n sì ti ẹnubodè pátápátá láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ẹni tí ó bá ra ọkọ̀ tí a yọ́ gbà kọjá ń ra ẹjọ́ fún bàbá rẹ̀ ní ọwọ́ àwọn aṣọ́bodè. Ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo. Lítà kan tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 láàrin ọjọ́ mélòó kan, ó sì ti tún gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà. Ẹ́ńjìnnì onípisítìnnì mẹ́fà tí ó jẹ́ ọlá ní ọdún 2010 ti di ẹrù. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti kìkì lílọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí, ilé ìwòsàn ní Adó, àti òde ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, onípisítìnnì mẹ́rin tó, ó sì ṣẹ́kù.

Ó ku ọ̀ràn tí àwọn ọmọ kì í fẹ́ dá sílẹ̀. Láti ìgbà tí a ti dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní ọdún 1988 ni wọ́n ti ń kìlọ̀ nípa ojú awakọ̀. Àgbà tí ó ní ojú yànà kò rí alùpùpù tí kò tan iná ní ìrọ̀lẹ́, kò sì ní sọ ọ́, nítorí ẹni tí ó ti wakọ̀ láti ìgbà apá òsì kò ní gbà kí ọmọ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun. Nínú àwọn ẹbí tí a mọ̀, èyí tí ó rọrùn jù ni ti àwọn tí wọ́n mú Bàbá lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú kí wọ́n tó ra ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Bí oníṣègùn bá sọ̀rọ̀, ọmọ kò sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn ra ọkọ̀, wọ́n sì fi owó oṣù awakọ̀ sí i. Àwọn mìíràn ṣe ìṣirò, wọ́n rí i pé owó ọkọ̀ náà tó san owó takisí Bàbá àti Ìyá fún ọdún márùn-ún, wọ́n sì bá awakọ̀ kan ní ìlú ṣe àdéhùn pé kí ó máa wá gbé wọn ní ọjọ́ Ìsinmi àti ọjọ́ ilé ìwòsàn. Bàbá kan nínú wọn kọ́kọ́ bínú. Ní báyìí ó ń jókòó sí ọwọ́ ẹ̀yìn, ó ń juwọ́ sí àwọn ènìyàn láti ojú fèrèsé, ó sì ti ń pe awakọ̀ náà ní "dẹ́rẹ́bà mi".